Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọn Ò Gbà

Ọdún mẹ́fà gbáko ni káfíńtà yìí ti ń dá gbé, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tó bá jí, á fọ ife kan ṣoṣo tó ní, á po tíì sínú ẹ̀, á mu ún lórí ìdúró. Tó bá dé ìdí iṣẹ́, á máa bá pákó sọ̀rọ̀. "Ìwọ yìí, o wọ́. Ta ló wọ́ ẹ báyìí?" Àwọn oníbàárà tó bá gbọ́ ọ á ní orí ọ̀gá káfíńtà ti ń dàrú díẹ̀díẹ̀, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ni yàrá tó ń sùn. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín méjèèjì, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, kì í dún rárá. Nígbà míì ó máa ń rò ó pé ì bá sàn kó máa dún, kí nǹkan kan ṣáà máa dá òun lóhùn nínú ilé.

Kì í ṣe pé kò lẹ́nìkan. Ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n. Àǹtí ni àkọ́bí, òun ló tẹ̀ lé e, àbíkẹ́yìn sì ni àbúrò wọn obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ga jù nínú wọn. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, káfíńtà wà nílùú mìíràn, ó ń kan fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun ń bọ̀, kí òun kàn parí fèrèsé tó kù ná. Fèrèsé mọ́kànlá ló kù. Ìgbà tó fi kan èyí tó gbẹ̀yìn, ìyá ti dákẹ́, ọjọ́ kejì tí wọ́n sin wọ́n ló tó wọlé.

Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè ẹ," Àǹtí wí. "Ìrònú ẹ ló pa wọ́n. Ìwọ lo pa ìyá wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ìṣó ṣe ń wọ pákó tútù. Láti ọjọ́ náà, tó bá pe Àǹtí lórí fóònù, fóònù á dún títí á fi sú. Kékeré nìkan ló máa ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń jí nǹkan jẹ nínú ìkòkò.

Ìdí nìyí tí àyà rẹ̀ fi já láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí fóònù dún tó sì jẹ́ pé ọkọ Kékeré ni. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkùnrin náà, kò sì pè é rí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù. Kékeré bímọ ní aago mẹ́fà. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Obìnrin ni, ó wà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dà lára ìyá ẹ̀ pọ̀ jù, irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ò sì wọ́pọ̀. Tèmi ò bá a mu. Ti Àǹtí bá a mu, àmọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga, wọn ò lè gbà á."

"Ẹ má wá ẹlòmíì kiri," káfíńtà wí. "Mo ti wà lọ́nà."

Kò gbọn ìyẹ̀fun pákó orí rẹ̀ dànù kó tó jáde. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, nǹkan kan wọ inú ọkàn rẹ̀ tó ń tì í lójú: ayọ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ wà láàárín ikú àti ìyè, òun ń yọ̀! Kì í kúkú ṣe àìsàn ló ń dùn mọ́ ọn, bí kò ṣe pé wọ́n pe òun. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àwọn èèyàn ti ń fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan, kó bá wọn kan ibí, kó bá wọn dí ọ̀hún. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní pẹ́.

Àǹtí jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó gbé báàgì Kékeré lé itan. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Káfíńtà tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Àǹtí ń wò. "O dé."

"Mo dé, mà."

"Yàrá ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́hùn-ún."

Ìyẹn náà tó o. Ó gbé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí yàrá ẹ̀jẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn. Ó da ìbéèrè bo káfíńtà. Ṣé ó sùn dáadáa? Ṣé ó ti jẹun? Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí? Ṣé ó lo oògùn kankan lọ́sẹ̀ yìí? Ó bi í léèrè ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Káfíńtà ronú títí. Orúkọ Kékeré nìkan ló wá sí i lẹ́nu, Kékeré sì rèé lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

"Ẹ fò ó ná," ó wí.

"Ó dáa. Èèyàn mélòó lẹ ti bá lò pọ̀ láti ọdún tó kọjá?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ òdo. Bí nǹkan kan bá wà tó kéré ju òdo lọ, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí awò rẹ̀ fi já bọ́ sí àyà rẹ̀. Ó gún káfíńtà ní abẹ́rẹ́ lórí ìka, ó jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kán sínú omi aláwọ̀ búlúù kan nínú ife. Ẹ̀kán náà lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ bí òkúta.

"Ẹ̀jẹ̀ yín lágbára," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ká ní kò tó ni, òkè omi yẹn ni ì bá máa léfòó sí. Ẹ jẹ́ kí n tún fa díẹ̀ lápá yín. Àrùn mẹ́rin la máa ń wò ká tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni: éèdì, mẹ́dọ̀wú oríṣi méjì, àti ọ̀kan tó ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ wọlé. Ẹni tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ikú, a ò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ kó àìsàn ràn án."

"Ẹ wò ó dáadáa," káfíńtà wí. "Ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó jókòó, ó ń dúró. Ó rí àga tí àwọn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ máa ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti gbé ike ẹ̀jẹ̀ òfìfo lé orí ìwọ̀n kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ dé èjìká láti ìgbà tó ti wọlé, kò sì tú u sílẹ̀. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, kò nawọ́ sí àga yẹn. Yàrá mìíràn, tó kéré ju èyí lọ, ló mú un wọ̀. Àga méjì péré ló wà níbẹ̀, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn jù. Káfíńtà ti ń ṣe àga láti ọjọ́ pípẹ́. Ó mọ̀ pé a kì í gbé àga sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, a ò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ṣé kí n padà wá lọ́la?"

"Kì í ṣe ti ọ̀la. A yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́dọ̀wú wà nínú ẹ̀, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́."

"Èmi? Pákó ogójì ni mo dá gbé lánàá!"

"Mo gbà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó lè wà lára èèyàn láti kékeré kó má ké pé òun wà níbẹ̀. Dókítà á yẹ ẹ̀dọ̀ yín wò, ẹ ó máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá a gbé tí wọ́n ń darúgbó." Ó mú bírò. "Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Èmi ò sí nílé. Àbúrò mi ló sọ fún mi. Ó ní ikùn wọn wú, wọ́n wá rù, ojú wọn sì pupa rúsúrúsú."

Nọ́ọ̀sì yọ awò ojú rẹ̀. "Mi ò yẹ̀ wọ́n wò, mi ò sì lè búra. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ tó bá ti bàjẹ́ ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ìyá tó bá ní i sì lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń bí i. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti rí i."

Nígbà tí káfíńtà la ẹnu, ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ọmọdé.

"Nọ́ọ̀sì, ìrònú ńkọ́? Bí ìyá bá ń ro ọmọ ẹ̀ tí kò sí nílé. Ṣé ìyẹn lè mú ikùn wú bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ìrònú kì í mú ikùn wú bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rín rín, kò sì rí ẹkún sun. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, wọ́n ní kì í ṣe òun ló pa ìyá òun, wọ́n sì tún ní ohun tó pa wọ́n wà lára òun. Nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí, ike ẹ̀jẹ̀ kan ti ń bọ̀ fún aláìsàn. Ó ní ẹnu àwọn di, àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá fún un ní ìwé pélébé kan. Káfíńtà ká ìwé náà, ó dìde.

"Ẹ dúró ká parí ọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ó yẹ kí..."

Ó ti jáde.

Apá rẹ̀ ni Àǹtí kọ́kọ́ wò, ó ń wá òwú. Òwú ò pọ̀ níbẹ̀, bíńtín ló wà níbi tí wọ́n ti fa ti àyẹ̀wò.

"Wọ́n ti gbà á?"

"Wọn ò gbà á."

"Kí ló dé?"

Ọkọ Kékeré, tó ti wá jókòó ti Àǹtí, dìde, ó ń wò ó. Káfíńtà fa apá aṣọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí òun bá sọ ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ òun, bẹ́ǹṣì yìí gan-an, wọn ò ní jẹ́ kí òun jókòó lé e.

"Wọn ò gbà á ni, Àǹtí."

"Àbí ìwọ lo ò fún wọn?" Àǹtí wò ó láti òkè délẹ̀. "Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Máa lọ. Bóyá fèrèsé kan tún wà níbì kan tó ò tíì kàn tán."

Káfíńtà lọ.

Nígbà tó délé, ó gbé pákó kan lé orí tábìlì iṣẹ́, ó fi ayùn lé e, kò rẹ́ ẹ. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń fi ìyẹ̀fun pákó tó ń fò lójú òfuurufú hàn. Ó rò ó pé kò sóhun tó le níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ti ń bọ̀, ara Kékeré á yá. Bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Àǹtí ti bínú tẹ́lẹ̀, ìbínú rẹ̀ ò lè ju bó ṣe wà yìí lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́, tí ojúlé sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Nítorí pé kò sí ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ló ṣe fa ìwé pélébé yẹn yọ, tó ń kà á. Ó ní kì í ràn nínú oúnjẹ, kì í ràn nínú ife, kì í ràn nípa dídì mọ́ra. Ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ ló ti wá rí i pé bí ìyá bá ní in, ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ méjì, kó tó pé wákàtí méjìlá tó dáyé.

Ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà. Ìyá kan náà ló sì bí òun àti Kékeré. Nọ́ọ̀sì ò mọ̀ pé ìbímọ ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Kékeré. Òun ò sọ fún un, kò sì dúró kó bi òun.

Ó pe ọkọ Kékeré, fóònù rẹ̀ ti kú. Ó pe Àǹtí, ó dún títí, ó sú. Ó tún un pè. Lẹ́yìn náà, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní gbayawu, ó sáré bíi ti ọmọdé tí ẹyẹ bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì wà ní yàrá ẹ̀jẹ̀ nígbà tó já wọlé. Ike ẹ̀jẹ̀ ti dé, wọ́n ti ń fà á sí Kékeré lára.

"Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi yẹn, ọmọ ló bí. Lónìí yìí. Aago mẹ́fà àárọ̀."

Nọ́ọ̀sì ò tún bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà lára Kékeré láàárọ̀, láti fi wo irú ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu, ṣì wà nínú fíríìjì. Ó yọ ọ́, ó kán an sórí pélébé àyẹ̀wò kan. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo omi orí iná. Ìlà kan yọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, èkejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì rọra ń dúdú sí i.

"Ó ní in," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni màá bá a sọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ yín."

Kékeré ti lajú nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. Nọ́ọ̀sì ní kí Àǹtí, ọkọ Kékeré àti káfíńtà bọ́ síta ná. Kékeré ní kó jẹ́ kí wọ́n dúró, ẹ̀rù ń ba òun. Nọ́ọ̀sì wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ohun tí àyẹ̀wò fi hàn, abẹ́rẹ́ tí ọmọ máa gbà báyìí báyìí, àti pé ìyá lè máa fún un lọ́mú.

Àǹtí ló kọ́kọ́ yí ojú, ọ̀dọ̀ ọkọ Kékeré ló sì yí i sí.

"Ṣé o ti rí i? Ìwọ tí ò ń sùn kiri ojú ọ̀nà bí ewúrẹ́ tí kò lólúwa! Ìwọ lo gbé e wá bá a! Ọmọ tí a fi sí ẹ lọ́wọ́!"

"Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò..." Kékeré ń wo ọkọ rẹ̀, omijé sì ti ń dà lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ di bó ṣe ṣèlérí. Káfíńtà wo ojú ọkọ Kékeré, ó sì dá ojú náà mọ̀. Irú ojú tí òun fúnra rẹ̀ gbé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn nìyẹn lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá.

"Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀, Àǹtí," ó wí. "Èmi náà ní in. Ìdí tí wọn ò fi gba ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ló ti wá."

"Má fi ẹnu ẹ ba ìyá mi jẹ́!"

"Kò bà wọ́n jẹ́. Àwọn náà ò mọ̀. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ rí ikùn wọn. Ẹ bi nọ́ọ̀sì."

Àǹtí bi í. Ó bi í nípa ikùn, nípa ojú, nípa ara tó ń yún ìyá wọn lóru tí wọ́n fi ń họ ọ́ títí tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì á mi orí, á ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí ìbéèrè tán, Àǹtí jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ní ìwọ ni," ó wí.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọdún mẹ́fà."

Káfíńtà dúró, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn máa tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àǹtí dìde, ó na apá sí nọ́ọ̀sì pé kó yẹ òun náà wò, wọ́n sì jọ jáde. Tirẹ̀ mọ́. Bóyá ìyá ò tíì ní in nígbà tí wọ́n bí i. Ti ọkọ Kékeré náà mọ́, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó kó o.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gún ọmọ náà, ọ̀kan ní itan ọ̀tún, ọ̀kan ní tòsì. Ó figbe ta bí ẹni pé wọ́n jà á lólè. Kékeré rẹ́rìn-ín láàárín omijé. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé e. Ẹ̀yin lẹ tọrọ abẹ́rẹ́ fún un, ẹ wá bẹ̀ ẹ́." Nọ́ọ̀sì ní kò séwu. Káfíńtà gbé ọmọ náà, kò wúwo tó ayùn. Ọmọ ń ké, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pè é ní ìyá òun. Àǹtí sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, síbẹ̀ aṣọ ìnura kan ló nà sí i.

"Fi wé ọwọ́ ẹ ná."

Ó fi wé e.

Láti ìgbà náà, tí káfíńtà bá pe Àǹtí, ó máa ń gbé fóònù. Á bi í bóyá ó ti lọ rí dókítà, á ní ó dáa, á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí káfíńtà lọ kí Àǹtí nílé, gíláàsì ni Àǹtí fi bu omi fún gbogbo àlejò, káfíńtà nìkan ló gbé omi inú ike fún, ó ní kó máa mú un lọ. Ó dúpẹ́, ó sì mú un lọ. Kékeré rojọ́ fún un lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, Àǹtí ti ya ife mi sọ́tọ̀ bíi ti ọba. Wọ́n fi òwú pupa sí i létí." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tún lọ síbẹ̀ mọ́ bí kò bá nídìí. Á lọ sí ọsibítù lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, á jókòó láàárín àwọn tí ẹlòmíì sìn wá, wọ́n á ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì dáa, á padà sídìí pákó.

Ọmọ náà ti ń rìn nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀sán ni Kékeré pè, kò tiẹ̀ kí i.

"Ó mọ́, Bọ̀ọ̀dá! Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀! Wọ́n ní ká ní abẹ́rẹ́ yẹn pẹ́ ni... Ẹ dúró, ó ń fa nǹkan wálẹ̀. Màá pè yín padà."

Káfíńtà dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Obìnrin kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì sílẹ̀ fún un.

"Ọmọ àbúrò mi," káfíńtà wí fún un, "wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lónìí. Ó mọ́."

Obìnrin náà wò ó díẹ̀. "Ẹ kú oríire o, ọ̀gá. Ọlọ́run á dá a sí. Àga mi ńkọ́, ṣé kò ní mì mọ́?"

"Ẹ jókòó lé e."

Obìnrin náà jókòó, ó sún sọ́tùn-ún, ó sún sósì. Kò mì. Ó gbé e, ó dúpẹ́, ó jáde. Káfíńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bó ṣe gbé àga náà lérí tó ń lọ, títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Fóònù ò tíì dún. Ó gbé e sórí tábìlì, níbi tí á ti tètè gbọ́ ọ.